Mo Ra Kámẹ́rà fún Ojú Mi, Awọ Aláìsàn Ni Mo Fẹ́ Rí

Owó kámẹ́rà yẹn ṣì ń dùn mí di òní. Olówó iyebíye ni, ó ní máìkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, iná sì yí i ká. Lórí ìyẹn, mo tún san owó ọdún kan gbáko fún áàpù kan tí wọ́n ní àwa dókítà ni wọ́n ṣe é fún, kí n lè máa fi fídíò rí aláìsàn láti òkèèrè. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àgbáyé, kílíníìkì mi sì dá páropáro. Mo rò pé bí ojú mi bá ti hàn kedere lórí fóònù aláìsàn, iṣẹ́ ti bùṣe. Dókítà awọ ara ni mí o. Ta ló fẹ́ wo ojú mi?

Bí mo ṣe ṣí àkáǹtì, bí mo ṣe pín àkókò, bí a ṣe ń gba ìyọ̀ǹda aláìsàn kí a tó bẹ̀rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá lè fi íméèlì ránṣẹ́ á ṣe é.

Awọ gan-an ni wàhálà. Fídíò máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè rí orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà kọjá. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège, àwọn nǹkan tíntìntín ló kọ́kọ́ máa ń sọ nù, àwọn yẹn gan-an ni èmi sì fi ń ṣiṣẹ́: ìpẹ́ tó ń bó, etí àbàwọ́n tó yọ sókè díẹ̀. Ti àwọ̀ tún wá burú jù. Lára ẹni tó dúdú, ibi tó wú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ó lè dà bí àlùkò tàbí eérú. Fóònù ò mọ ìyẹn. Ó rí ibi tó ṣókùnkùn, ó bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un, àwọ̀ tí mò ń wá bá pòórá.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá kan tí mo ti ń tọ́jú tipẹ́ ni, ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn gbé fóònù. Mo ní kó sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ Màmá, gbogbo rẹ̀ di bàìbàì. Mo ní kó fà sẹ́yìn, ni mo bá ń wo àjà. Fídíò dúró gbagidi. Nígbà tó padà, ohùn ò sí. Màmá ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo ẹnu wọn. Ìṣẹ́jú 25 ti lọ kí n tó rí nǹkan bí àbàwọ́n eérú. Mo ní eczema wọn àtijọ́, àìsàn awọ tó máa ń yún tó sì máa ń wú, ló padà dé, mo kọ ìpara tó ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú kí wíwú àti yíyún rọlẹ̀.

Làpálàpá ni! Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ èyí tó kù. Sítẹ́rọ́ìdì á dín yíyún kù, á dà bíi pé ara ń yá, ṣùgbọ́n kò ní pa ohun tó fa làpálàpá, á sì máa ràn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti dé orúnkún. Màmá ò tiẹ̀ bínú. "Dókítà, ẹ ò kúkú rí i dáadáa." Èyí ló wá dùn mí jù.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù pé ṣé fọ́tò gidi ò lè wọlé ṣáájú ìpè. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà wọ́n fèsì: ó lè wọlé, kí n sanwó sí i. Kí n tún sanwó!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ ìlà bíi mélòó kan ránṣẹ́ sí gbogbo aláìsàn mi. Ẹ ya fọ́tò lọ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ má tan fílàṣì, torí ó máa ń mú awọ dán, ìpẹ́ á sì fara pamọ́. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, èyí tó wà níwájú máa ń fẹ́ sọni di arẹwà. Ẹ ya ọ̀kan láti òkèèrè, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi rúlà sí i kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kó má baà fún pọ̀ lọ́nà.

Láti ìgbà náà, mo ti máa ń wo fọ́tò tán kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè nìkan ló kù: ṣé òru ló máa ń yún jù, ṣé àwọn ará ilé náà ń họra? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpè lásán tí kò ní fídíò tó. Mo mọ iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì dúdú tó ń tóbi tàbí tó ń yí àwọ̀, n kì í dá a lẹ́jọ́ lórí fóònù. Ìyẹn gba kí n fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó, nígbà mìíràn kí n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àwọn kan bínú sí mi lórí èyí. Kí wọ́n máa bínú.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ya ìgúnpá ara mi, kí n fi áàpù yẹn fi ránṣẹ́ sí ara mi, kí n wo ohun tó máa jáde kí n tó san kọ́bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti gé owó ọdún kejì kí n tó rántí láti fagi lé e.

Kámẹ́rà náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Iná rẹ̀ nìkan ni mò ń lò, mo fi ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó bá fúnra wọn wá.