Bí ọ̀rọ̀ ṣe dá ṣáká lẹ́nu àwọn òṣèré mi

Ìtàn fíìmù kékeré tí mo kọ dùn, àmọ́ báwọn òṣèré bá ti lanu, bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò ni. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mo gba ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sí lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n máa wá owó tó fi pamọ́. Mo wá yọ́ sọ fún ẹni tó ń ṣe àbúrò pé òun ló ná an, kò sì gbọdọ̀ jẹ́wọ́. Òfin kan péré ló wà: ohun tẹ́nì kejì bá sọ, gbà á, kó o fi tìẹ lé e. Fóònù ń gba ohùn wọn sílẹ̀.

Àbúrò ò tiẹ̀ sẹ́ o! Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?” Èmi ò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí n ronú kan ìyẹn láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mike Leigh, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń ṣe é: òṣèré á kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe wá sí i lẹ́nu, kó tó di ọ̀rọ̀ àkọ́sórí.

Gígé ló gba iṣẹ́. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, mo yọ àsọtúnsọ dànù títí ó fi ku ojú ìwé 2, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 2 nínú fíìmù. Ìparí nìkan ni mo fọwọ́ ara mi kọ, torí òṣèré tí ò níwèé lọ́wọ́ kì í fẹ́ dákẹ́.