Fúlọ́ọ̀ tó rì, ògiri tó ń bó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kọnkéré ilé gbígbé l'Ékòó

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, omi ló wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn: èyí tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, èyí tó ń ti òkè bọ̀, àti èyí tí bíríkìlà fọwọ́ ara rẹ̀ dà sínú kọnkéré.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Injinníà. Ilé wa wà ní Bàrígà, lápá ibi tó lọ sọ́nà ọ̀sà. Jámánì fúlọ́ọ̀ pálọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ ilé, ti rì lápá kan, táìsì ti ń ṣí, bí a bá sì fi igi kàn án, ó ń dún pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Bíríkìlà ní ká da kọnkéré míì lé e lórí kó lè tẹ́jú. Ṣé ká dà á?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á o. Ẹrù ni kọnkéré. Ilẹ̀ ti sá kúrò lábẹ́ fúlọ́ọ̀, ẹ tún fẹ́ di ẹrù lé e. Yóò tún rì ni, ẹnu ọ̀nà yín á sì ti kúrú sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Láti Bàrígà dé Mákòókò títí dé Èbúté Mẹ́tta, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀sà ló jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi ohun tó wà nítòsí dí: ìyẹ̀fun igi láti sọ́míìlì Oko Bàbá, pàǹtí, kí wọ́n wá bu iyanrìn díẹ̀ lé e kó lè fojú jọ ilẹ̀. Igi ń jẹrà, pàǹtí ń jẹrà, bí wọ́n sì ṣe ń jẹrà ni wọ́n ń lọ sílẹ̀. Fúlọ́ọ̀ á wá dúró lórí afẹ́fẹ́ títí yóò fi ṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ iyanrìn gidi ni wọ́n fi dí i, àmọ́ tí wọ́n kàn ní kí típà dà á sílẹ̀. Iyanrìn tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wá gún òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gún ilẹ̀.

Ohun tó kàn tí ẹ ó wò ni ògiri. Ṣé fúlọ́ọ̀ nìkan ló rì, àbí ilé gan-an ló ń lọ? Ẹ wo igun fèrèsé àti orí ilẹ̀kùn. Bí ògiri bá sán níbẹ̀, tí ó sì dagun gòkè, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tó sán dé, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá ìlà yẹn kí oṣù mẹ́ta tó pé, tàbí tó ti fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń há, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà. Injinníà tó mọ̀ nípa ìdúró ilé ni kí ẹ pè, kí ẹ sì fi tó LASBCA létí, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Mo mọ̀ pé àwọn onílé kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àjọ yẹn sétí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Bí ògiri bá dúró ṣinṣin, ẹ wó fúlọ́ọ̀ náà. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń jẹrà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ kọjá ibi tí ìpìlẹ̀ ògiri dé, nítorí ẹ lè tú ògiri sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń wá fúlọ́ọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da iyanrìn ṣáàpù tàbí ilẹ̀ pupa sí i, ínṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ gún un, kí ẹ tó da òmíràn lé e. Nínú ilé tó ti dàgbà, ràmà ọlọ́wọ́ ni mo fẹ́, torí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lè bá ògiri jà. Nínà náílọ́ọ̀nù tó nípọn ló kàn, kí ẹ tó tẹ́ wáyà BRC, àwọ̀n irin inú kọnkéré, lé e, kí ẹ fi bísíkíìtì, kọnkéré kéékèèké tí wọ́n fi ń ki abẹ́ irin, gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá da kọnkéré ínṣì 6. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ́, tí ẹ̀ ń gbẹ́, tí ìyẹ̀fun igi kò tán, ẹ dúró. Fúlọ́ọ̀ tó máa fẹ̀gbẹ́ lé ìpìlẹ̀ ògiri bíi dẹ́kìn nìyẹn gbà, injinníà ló sì máa ya iye irin rẹ̀.

Ìbéèrè: Àjáh ni mò ń gbé, sà. Ọdọọdún ni mò ń kun ilé. Bí òjò bá ti dé, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, lẹ́búlẹ́bú funfun á yọ síta, ó sì ń gòkè tó ìbàdí. Ọ̀dà wo ló le jù?

Ìdáhùn: Kò sí ọ̀dà tó le tó o, àbúrò. Iyọ̀ ni lẹ́búlẹ́bú yẹn. Lápá Àjáh àti Lẹ́kì, omi kò jìnnà sílẹ̀. Lójú òjò, níbi púpọ̀, ẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ni ẹ ó bá a. Búlọ́ọ̀kù ń fà á mu, ó ń bá inú ògiri gòkè, nígbà tó bá sì dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti kàn án, omi á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́kù, á máa wú, á máa ti ọ̀dà àti ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri dànù. Àwọn kan á lẹ táìsì mọ́ ọn. Ńṣe ni omi á wá ibòmíràn gbà, á sì gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ilẹ̀ tàbí íńtálọ́ọ̀kì kò ti ga ju jámánì fúlọ́ọ̀ lọ? Títì Èkó kì í yé ga. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni ilé tó ti wà níbẹ̀ ń wọlẹ̀ sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀ kó jìnnà sí fúlọ́ọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́ ògiri dé ilẹ̀ gan-an, gé e kúrò nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà fo ohun tí wọ́n fi dí i kọjá.

Ní ti inú ilé, dúró de ọyẹ́. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ha ògiri náà kúrò títí yóò fi ga ju ibi tó tutù lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí o sì jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dáadáa. Oògùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún sínú ihò tí a lu sí ìsàlẹ̀ ògiri wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yìn èyí ni kí o tún un rẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ló jèrè: náílọ́ọ̀nù lábẹ́ fúlọ́ọ̀, fẹ́ẹ̀tì tó ń dènà omi lórí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ yí gbogbo ilé ká, owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀dà ọdún mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ìkòtún la ti ń kọ́lé. Bíríkìlà wa ní bí omi kò bá pọ̀, kọnkéré kò ní wọ àárín irin, inú pílà á sì ní ihò. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n takò ó ni?

Ìdáhùn: Ihò tó sọ, òótọ́ ni. Omi kọ́ ni oògùn rẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kìló 50, kò gbà ju líta 25 omi lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì kan, bí iyanrìn bá gbẹ. Bí òjò bá ti rọ̀ sí iyanrìn, omi ti wà nínú rẹ̀, ẹ dín ti kẹ́ẹ̀gì kù. Omi tí sìmẹ́ǹtì kò lò á fà kúrò lọ́jọ́ tó bá yá, àyè rẹ̀ á sì di ihò tíntìntín tí ojú kò rí. Bí kọnkéré bá ń ṣàn nínú hẹ́dìpáànù bí ẹ̀kọ gbígbóná, omi ti pọ̀ jù.

Ohun tó ń jẹ́ kó wọ àárín irin ni fáíbrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré, tàbí kí ẹnì kan máa fi ọ̀pá irin gún un gidi, àti kí gíráníìtì má tóbi ju àyè àárín irin lọ. Ní ti ìwọ̀n, àpò kan sún mọ́ hẹ́dìpáànù méjì. Fún fúlọ́ọ̀, iyanrìn 4 àti gíráníìtì 8 sí àpò kan. Fún pílà àti dẹ́kìn, iyanrìn 3 àti gíráníìtì 6. Kí ẹnu páànù tẹ́jú, kì í ṣe èyí tí lébìrà yóò gbá jọ bí òkè. Ẹ wo nọ́ńbà agbára sìmẹ́ǹtì lára àpò náà: láti 2014 ni SON, àjọ tó ń mójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n máa fi 32.5 rẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti pílà, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù.

Ẹ bu iyanrìn sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹrẹ̀ tó bò ó lórí bá nípọn, kí típà máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Omi tí ẹnu yín kò bá lè gbà, ẹ má fi po kọnkéré.

Lẹ́yìn dídà, ọjọ́ méje ni kí kọnkéré fi wà ní tútù, kí ẹ fi àpò tí ẹ rẹ sómi bò ó. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí ṣe pàtàkì jù, torí afẹ́fẹ́ yẹn lè mú kí ojú dẹ́kìn sán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà tètè yọ igi abẹ́ dẹ́kìn nítorí pé ó fẹ́ lò ó níbòmíràn.

Ìbéèrè: Òjò ká wa mọ́ orí dẹ́kìn l'Ẹ́gbẹ̀dá. Ṣé ká wó o?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì wó o. Bó bá ti le tí àtàǹpàkò kò wọ̀ ọ́ kí òjò tó dé, ẹ dúpẹ́, òjò bá yín rin ín ni. Bó bá ṣì rọ̀, tí omi ti fọ sìmẹ́ǹtì lọ, tí gíráníìtì sì yọjú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú rẹ̀ kí ẹ mọ ibi tó jìn dé. Bí kò bá ju ojú lásán, ẹ fi sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn tó dára tẹ́ ẹ. Bó bá jìn, ẹ pe iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀ Èkó kí wọ́n dán agbára rẹ̀ wò. Tàpólì ni kó máa kọ́kọ́ dé síbi iṣẹ́ ní oṣù kẹfà, kí sìmẹ́ǹtì tó dé.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Abẹ́ báńkóńì ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń já bọ́, irin ti yọ síta, ó ti pupa. Àwọn ẹ̀gbọ́n fẹ́ ká rẹ́ ẹ padà kí ìsìnkú Màmá tó kò.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n. Irin tó dípẹtà ń wú. Ipẹtà gba àyè ju irin lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán, òun ló ń ti kọnkéré dànù. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ, yóò máa wú lọ nínú òkùnkùn, èyí tó máa já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì á sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Atẹ́gùn òkun gbé iyọ̀, ó sì lè jẹ́ iyanrìn òkun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó tún lè jẹ́ pé áyọ́ọ̀nbẹ́ńdà kò ki bísíkíìtì sábẹ́ irin, tí irin fi sùn lórí pákó. Nítòsí òkun, mílímítà 40, ó kéré tán, ni kí kọnkéré fi bo irin.

Kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí báńkóńì yẹn lọ́jọ́ ìsìnkú, kí wọ́n má sì ta kánópì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi igi tó lágbára gbé e ró láti ilẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí injinníà fi òòlù kàn án káàkiri. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló ń dún lófìfo, wọn á fọ́ kọnkéré náà kọjá ẹ̀yìn irin, wọn á ha irin títí yóò fi dán, wọn á kùn ún, wọn á sì fi àdàlù àtúnṣe dí i. Irin tí ipẹtà bá ti jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, pípààrọ̀ ni. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń dún lófìfo, ẹ wó báńkóńì náà. Ilé lè wà láìní báńkóńì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fi ráàfù, kọnkéré onírin tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé, ṣe ìpìlẹ̀ ní Lẹ́kì. Ilẹ̀ tèmi wà l'Ágége. Ṣé dandan ni ráàfù?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan. Ilẹ̀ pupa Agége àti Ìkejà sábà máa ń gbé ilé ilẹ̀ àti alájà kan lórí ìpìlẹ̀ lásán, bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ló máa sọ ọ́, ẹ má fi ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn ṣe òdiwọ̀n. Kí wọ́n tó wá, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò bóyá kànga, ṣaláńgá tàbí kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ rí. Bó bá wà, ẹ fi ojúko rẹ̀ han ẹni tó máa yẹ ilẹ̀ wò, kó lè gbẹ́ ihò rẹ̀ kan síbẹ̀ gan-an.