Títo Inú Ẹ́ńjìnì Padà: Ẹ Wọn Ohun Gbogbo Kí Ẹ Tó Fún Nọ́ọ̀tì

Tí búlọ́ọ̀kù bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ sílíńdà dé, ẹ má tíì to nǹkan kan. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ojú sílíńdà títí aṣọ funfun tí ẹ fi ń nù ún kò fi ní dúdú mọ́. Pẹtiróòlù nìkan kì í kó lẹ́búlẹ́bú irin tó há sójú ilà ibẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ ríìngì tuntun. Ẹ fẹ́ ẹ gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kó má baà dípẹtà. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ní Ládípò, ẹ máa fi ọ̀rá bò ó nígbàkigbà tí ẹ bá dìde nídìí rẹ̀.

Ẹ̀yìn bẹ́ríǹ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí kíránkì ń yí lé lórí, gbọ́dọ̀ gbẹ. Ojú rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì ń lọ. Ihò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kò ihò ọ́ìlì búlọ́ọ̀kù lójú. Kí ọ́ìlì tó kan ibẹ̀, ẹ gbé kíránkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) sí i, ẹ fi fọ́nrán Plastigage, ike rírọ̀ tó máa ń tẹ́ tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, lé e, ẹ fi tọ́ọ̀kì sípánà (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó) fún káàpù, ìyẹn ìdérí bẹ́ríǹ, láti àárín lọ sí ìkángun méjèèjì, ẹ má sì yí kíránkì rárá. Tí ẹ bá tú u, ìfẹ̀ fọ́nrán náà ló máa sọ bí àlàfo ibẹ̀ ṣe tó. 0.02 sí 0.05 mm ló sábà máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnì yín ló láṣẹ. Káàpù kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ wọn.

Ìdí ríìngì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ wo nọ́ńbà orí písítìn: tó bá jẹ́ 0.50, ìyẹn písítìn tó fi 0.50 mm tóbi ju ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ, ríìngì 0.50 ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà ní ó máa gbà á. Ẹ ki ríìngì nìkan bọ sílíńdà, ẹ fi orí písítìn tì í wọlé kó lè tẹ́ dọ́gba, kí ẹ wá fi fílà géèjì (àwọn abẹ irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu rẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà níbi tí orí ríìngì méjèèjì ti kọjú síra. Fún sílíńdà 80 mm, nǹkan bíi 0.30 mm ló yẹ ríìngì òkè. Tí ẹnu bá fún jù, tí ọkọ̀ sì há sínú gó-síló lórí Third Mainland tí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹnu méjèèjì á pàdé, ríìngì á kán tàbí kó ha sílíńdà. Ẹ fi fáìlì rọra fá a. Tó bá fẹ̀ jù, ẹ dá a padà, torí ọkọ̀ náà á máa jẹ ọ́ìlì. Àmì tó tẹ̀ mọ́ ara ríìngì máa ń kọjú sókè. Kí ẹnu wọn má sì ṣe wà lójú kan náà.

Ọfà orí písítìn kọjú síwájú ẹ́ńjìnì. Ẹ ki rọ́bà bọ nọ́ọ̀tì kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíránkì, kó má baà ha kíránkì. Bí písítìn kan bá ti wọlé, ẹ fọwọ́ yí kíránkì: tó bá há, ẹ ti mọ èyí tó fà á.

Ẹ fa omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà (ìdérí orí búlọ́ọ̀kù), torí tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì lé e lórí, ó lè la búlọ́ọ̀kù. Nọ́ọ̀tì tó máa ń nà tí ẹ bá fún un, tuntun ni kí ẹ lò. Gásìkẹ́ẹ̀tì onírin tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù kò fẹ́ gọ́ọ̀mù kankan.

Lẹ́yìn tí àmì táímìǹ, èyí tó ń mú kí fáàfù àti písítìn ṣiṣẹ́ ní àsìkò kan náà, bá bára mu, ẹ fi sípánà yí kíránkì ní ìyípo méjì gbáko kí ẹ tó tẹ sítátà. Tó bá kọ nǹkan líle, ẹ má fipá yí i: ó lè jẹ́ fáàfù ló ń gbá písítìn.