Bí A Ṣe Ń Fi GIS Yan Ibi Tí Kámẹ́rà Ààbò Yóò Wà ní Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí ẹgbẹ́ onílé bá dáwó jọ ra kámẹ́rà ààbò, ẹni tí wọ́n pè láti gbé e kọ́ sábà máa ń yan ibi tí àkàbà rẹ̀ dé tí iná sì wà nítòsí. Ètò GIS, èyí tí a fi ń ya máàpù tí a sì fi ń ṣe ìṣirò lórí rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, lè fi hàn wá, kí a tó ra wáyà rárá, ibi tí ojú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan yóò dé àti ibi tí ògiri yóò ti dí i. QGIS, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ni mo máa lò nínú àlàyé yìí, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Gíga ilẹ̀ àti ilé ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ìwọ̀n gíga ilẹ̀ SRTM, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour wọ̀n ní ọdún 2000, pín ilẹ̀ sí ìdá onígun mẹ́rin tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí mítà 30. Ní Ìdúmọ̀tà, ìdá kan ṣoṣo lè gbé ojú títì, gọ́tà àti ilé bíi mélòó kan mì. Erékùṣù Èkó sì tẹ́jú. Òkè kọ́ ló ń dí ojú níbẹ̀, ilé ni. Nítorí náà, ẹ gba àwòrán ìpìlẹ̀ ilé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní OpenStreetMap tàbí Google Open Buildings, kí ẹ kọ gíga ilé kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ lè ka àjà kọ̀ọ̀kan sí mítà 3, ṣùgbọ́n ti àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil kọ́ ní Campos lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí UTM 31N (EPSG:32631), ìlànà ìwọ̀n máàpù tí ó bá agbègbè Èkó mu, kí ìwọ̀n lè jẹ́ mítà, kí ẹ sì fi Rasterize, irinṣẹ́ inú QGIS, sọ ọ́ di raster onídàá-mítà kan, ìyẹn máàpù tí a pín sí ìdá kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé iye kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì sí àwọn ibi tí kámẹ́rà lè wà. Ẹ rí i dájú pé àmì náà bọ́ sí ìta ògiri, nítorí pé bí ó bá bọ́ sínú ilé, orí òrùlé ni ètò náà yóò gbé kámẹ́rà yín lé, àbájáde rẹ̀ yóò sì dùn wò lásán. Ẹ wá ṣí Viewshed, irinṣẹ́ tí ń ṣírò ibi tí ojú lè dé láti ibì kan, fún àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sí i: gíga kámẹ́rà, bí àpẹẹrẹ mítà 4, gíga ohun tí à ń wò, mítà 1.5, nítorí ojú ènìyàn ni à ń wá, kì í ṣe bàtà rẹ̀. Àti jíjìn tí yóò bo gbogbo àdúgbò. Ibi tí ó hàn yóò gba 255, ibi tí kò hàn yóò gba 0.

Viewshed gbà pé kámẹ́rà ń wo gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ìwọ̀n 90 kò lè wo ẹ̀yìn. Ẹ fi Create wedge buffers, irinṣẹ́ tí ń ya abala òbírí, ya abala tí ó kọjú sí, ẹ sọ ọ́ di raster oní-1 àti 0, kí ẹ sì fi ṣe ìlọ́po àbájáde Viewshed, kí ibi tí kámẹ́rà kò kọjú sí lè di 0.

Rírí yàtọ̀ sí dídámọ̀, mo sì ka èyí sí ju gbogbo ìyókù lọ. Ìlànà àgbáyé fún kámẹ́rà ààbò, IEC 62676-4 ti ọdún 2014, béèrè píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán) 250 fún mítà kan kí a tó lè fi àwòrán dá àlejò mọ̀, àti 125 fún ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà tí fífẹ̀ àwòrán rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1920, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní 90 kò lè dá àlejò mọ̀ kọjá nǹkan bí mítà 3.8, kò sì lè dá ojúlùmọ̀ mọ̀ kọjá 7.7. Ẹ ya òbírí méjèèjì sí orí máàpù. Ẹnu géètì tàbí ẹnu ọ̀nà àdúgbò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ fi Raster calculator pín àbájáde kọ̀ọ̀kan sí 255, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Níbi tí iye rẹ̀ jẹ́ 0, kò sí kámẹ́rà tí ó rí i.

Raster yìí ní gíga kan ṣoṣo fún ìdá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi Afárá Carter kún un, yóò ka abẹ́ rẹ̀ sí ògiri gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ abẹ́ afárá gan-an lè jẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ ṣọ́. Ẹ ṣe raster ọ̀tọ̀ tí ó ní òpó afárá nìkan. Agboòrùn àti tapólì àwọn oníṣòwò náà ń dí ojú; ẹ ya wọ́n sí i bí ilé kékeré, pàápàá ní àyíká Balógun.

Bí abala kan bá bọ́ sí fèrèsé aládùúgbò, ẹ yí kámẹ́rà náà padà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 dáàbò bo àwòrán tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀.

Kí ẹ tó lu ògiri, ẹ so fóònù mọ́ igi gígùn kan, ẹ gbé e dé gíga tí ẹ kọ sínú ètò náà, kí ẹ sì ya fídíò ní ọ̀sán tí ọjà kún, kì í ṣe ní ọjọ́ Àìkú tí ìsọ̀ wà ní títì. Níbi tí fídíò àti máàpù kò bá ti bára mu, gíga ilé àti tapólì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún wò.