Bí A Ṣe Ń Jí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dìde

Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ rà ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ má ṣe tàn án lójú ẹsẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ tó ti dì sínú rẹ̀ lè mú kó gbóná jù. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ láìso ó mọ́ iná, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá eruku kúrò, pàápàá lára fáànù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tú àpótí tí iná ń gbà wọlé, torí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún 1980 nígbàkígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ wo bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lára pátákó inú rẹ̀. CR2032 tó jẹ́ fóòtì 3 ni ọ̀pọ̀ ń lò, ẹ sì lè fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀.