Bí olùtọ́jú ṣe ń di mánéjà nílé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ẹ̀ńgláǹdì

Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tó mọṣẹ́ dunjú ló ti pẹ́ lójú kan torí àkọsílẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn láìdun ún, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi sùúrù bọ́ ọ kí oúnjẹ má há a lọ́fun, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í yé ẹni tó bá kà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù. Ẹ̀ńgláǹdì nìkan là ń sọ, níbi tí CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú, ti ń ṣàbẹ̀wò. Scotland àti Wales ní àjọ tiwọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò le. Ẹ parí Care Certificate, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún olùtọ́jú tuntun tó ti wà láti 2015, kí ẹ ṣe ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú Level 2, lẹ́yìn náà Level 3. Ẹ ṣe ṣíìfù òru fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, torí mánéjà tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru kò tíì mọ ilé rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè kọ́ yín ní pípín oògùn: ẹni tó mọ MAR chart (ìwé tí a ń kọ oògùn tí a fún aláìsàn sí) lò dáadáa ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe senior carer (olùtọ́jú àgbà).

Ẹni tó wà lórí físà onígbọ̀wọ́ ní láti ṣọ́ra níbí. Nínú kóòdù iṣẹ́ tí físà ń lò, 6135 ni ti olùtọ́jú, 6136 ni ti senior carer. Bí ìgbéga bá yí kóòdù padà, ẹ tún físà béèrè, kí èsì sì jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹ má gba “máa ṣe é lọ ná, a óò tún ìwé ṣe tó bá yá.” Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ni ìjọba ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ olùtọ́jú láti òkèèrè wá, nítorí náà èyí tó wà lọ́wọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ó kan àkọsílẹ̀. Ká ní ẹ bá màmá yàrá 12 nílẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ ni pé wọ́n bá a nílẹ̀, wọ́n gbé e dìde, ara rẹ̀ dá, ó ti jẹun. Ìlà yẹn kò wúlò fún dókítà, kò wúlò fún ọmọ màmá, kò sì lè gbà yín sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú. Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí:

“06:40. Mo bá a nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Kò wọ bàtà. Bẹ́ẹ̀lì wà lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó ní òun ń lọ tọ̀ ni. Ó ní òun ò forí gbá nǹkan kan, pé ìbàdí ló ń dun òun. A kò gbé e. 06:46, mo pe 999. 06:55, mo pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.”

Ẹ ṣàkíyèsí “ó ní” yẹn. Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣubú, nítorí náà ẹ ò lè kọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Bí ẹni tó ń lo warfarin tàbí apixaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bá forí gbálẹ̀, ẹ má dúró wò ó, ọsibítù ni.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ óò fi kọ ọ́ o, ibẹ̀ sì ni èdè wa ti máa ń tan ni. “Ó” tiwa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ẹni tó bá ń kánjú á kọ he sí ìlà kìíní, á kọ she sí ìkejì, ẹni tó ń kà á á sì rò pé ìwé ẹni méjì ti dàpọ̀. Èyí tó tún burú ni “wọ́n” ọ̀wọ̀: ẹ kọ they fell, alábẹ̀wò lè béèrè pé àwọn mélòó ló ṣubú.

Bíírò dúdú, aago oníwákàtí 24, kí ẹ kọ ọ́ láàárín wákàtí kan, kí ẹ tó mu tíì. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ aago. Tipp-Ex ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn tó ń lo tablet náà ò yọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn kọ̀wé máa ń gbọ́ ahọ́n wa sódì, ẹ ka ohun tó kọ kí ẹ tó tẹ Save.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àwọn ìṣubú oṣù kan jọ. Excel dáa, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ti tó: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bàtà, ẹni tó rí i gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà yàrá ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ, ìwé náà ò sì gbọdọ̀ bá yín wọ bọ́ọ̀sì. Ká ní mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, tí mẹ́fà sì bọ́ sáàárín 06:45 sí 07:30. Aláìronú á ní kí wọ́n ra máàtì onísẹ́ńsọ̀. Ẹ wo aago: hándóvà ni, ìgbà tí òṣìṣẹ́ òru ń fa iṣẹ́ lé ti ọ̀sán lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ òru àti ti ọ̀sán há sínú ọ́fíìsì kan, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n àwọn arúgbó. Kí ẹni méjì má wọ hándóvà, kí wọ́n wà ní kọ́rídọ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tó gbé irú èyí lọ bá mánéjà rẹ̀, pẹ̀lú iye ti oṣù tó tẹ̀ lé e, ti ń ṣe iṣẹ́ deputy (igbákejì mánéjà) ná.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wá kù. Ẹ óò ṣe ọ̀gá lórí ẹni tó lè bí yín. Ẹ má yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu, àmọ́ ẹ má fi ọ̀wọ̀ bo àṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí àpẹẹrẹ, lórí hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi hoist gbé bàbá láìsí ẹnìkejì. Kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀.” Kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má sì sọ Yorùbá lórí aláìsàn tí kò gbọ́ ọ. Ó máa ń rò pé òun lẹ ń bú. Orúkọ tó wà nínú care plan (ìwé ètò ìtọ́jú rẹ̀) ni kí ẹ pè é, kódà bó bá ti pé 90 tó sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Betty.

Level 5 Diploma in Leadership and Management for Adult Care ló kàn. Ẹ wo orúkọ ìwé ẹ̀rí náà lórí register Ofqual, àjọ tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí, kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan ń ta èyí tí wọ́n ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò níye lórí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ yín máa san án, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ óò dá owó padà bí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

CQC ló máa fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kẹ́yìn, kí wọ́n tó forúkọ yín sílẹ̀ bíi mánéjà. Wọ́n lè bi yín pé: ẹ rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lápá bàbá kan, kí lẹ óò ṣe? Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé, “Mo máa sọ fún mánéjà.” Ẹ̀yin ni mánéjà! Ẹ dáàbò bo bàbá, ẹ ya body map (àwòrán ara tí a ń sàmì ojú ọgbẹ́ sí), ẹ yọ ẹni tí wọ́n fura sí kúrò nínú rótà, ẹ sọ fún council (ìjọba ìbílẹ̀), ẹ pe ọlọ́pàá bó bá jọ ọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tó CQC létí lábẹ́ Regulation 18 nínú òfin ìforúkọsílẹ̀ CQC. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí wọ́n rò pé bí council ti gbọ́, gbogbo ayé ti gbọ́. Ẹ ka Mental Capacity Act 2005, òfin lórí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe, náà dáadáa. Àkọ́bí ọkùnrin kò ní àṣẹ lórí ìtọ́jú bàbá rẹ̀ kìkì torí pé òun ni àkọ́bí; bí kò bá ní lasting power of attorney tó kan ìlera (ìwé àṣẹ tí bàbá fi yàn án láti máa ṣe ìpinnu fún òun), ẹ máa gbọ́ èrò rẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ.

Kí ẹ tó gbà kí orúkọ yín wọ ìwé CQC, ẹ ka ìròyìn àbẹ̀wò ilé náà tó gbẹ̀yìn, ẹ wo rótà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ ka iye ṣíìfù tí agency (ilé iṣẹ́ tó ń fi òṣìṣẹ́ háyà) gbé. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yẹ hoist wò kẹ́yìn; oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni. Kí ẹ wá béèrè iye tí mánéjà lè ná láìtọrọ àṣẹ. Bí hoist bá bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ ò sì lè háyà òmíràn àyàfi bí ọ̀gá tó wà lókè bá gbé fóònù, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gba ipò yẹn.