Bí a ṣe ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani wa lọ́sàn-án gangan

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún wa kò pọ̀ lẹ́nu: ká ya ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ nínú fíìmù adẹ́rùbani tí àwa fúnra wa ronú kàn, ká lo àwọn àṣà tí ojú òǹwòran ti mọ̀, ká sì tàpá sí wọn. Àwa mẹ́rin la jọ ṣe é. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, ohun kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa: òru, ilé àdádó, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, iná tó ń ṣẹ́jú.

Òkùnkùn la kọ́kọ́ dà nù. Kì í kúkú ṣe ọgbọ́n. Fóònù la fi ń yàwòrán, bí ibi kan bá sì ti ṣókùnkùn, àwòrán rẹ̀ á rí bí ẹni da iyanrìn sí i. La bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan nílé ẹ̀kọ́ lọ, oòrùn ń gba gbogbo fèrèsé wọlé.

Àṣà tí a dì mú ṣinṣin ni ojú apànìyàn. Nínú Halloween, fíìmù adẹ́rùbani ti ọdún 1978, ojú apànìyàn la fi ń wo ìbẹ̀rẹ̀. A bá a wọlé, a bá a gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n tó ṣí ìbòjú rẹ̀ tí a rí i pé ọmọ ọdún 6 ni. Bí kámẹ́rà bá ti ń mì tẹ̀lé ọmọbìnrin lẹ́yìn báyìí, tí èèyàn tí a kò rí sì ń mí, òǹwòran ti mọ ẹni tó máa kú. Ibẹ̀ la fẹ́ bá a. Nínú tiwa, ọmọkùnrin kan ni ẹni tó ń mí yẹn, òun ló sì ń sá àsálà. Ó rí ọmọbìnrin níwájú, ó sáré bá a pé kó gba òun. Ọmọbìnrin yíjú padà, ó wò ó, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn tí ọmọkùnrin náà gbà wọlé.

Nígbà tí a kọ́kọ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa wá. Orin dídùn la fi sí i, ọmọbìnrin ń jó lọ, oòrùn ń ràn. A ti yí gbogbo nǹkan sódì débi pé wọ́n rò pé àwàdà ni. Olùkọ́ kò ṣàlàyé púpọ̀, ó kàn bi wá pé, “Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bẹ̀rù?”

Ìbéèrè yẹn ló dá wa padà sídìí iṣẹ́. A yọ orin kúrò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbohùn padà jù, nítorí náà inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo wọ̀ lọ gba ohùn èémí náà sílẹ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín níta. A fi èémí yẹn síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí àwòrán kankan tó yọ. Mo ti gé ìrìn ọmọbìnrin náà sí ọ̀nà 11, torí àwọn fíìmù wọ̀nyí máa ń gé wéréwéré bí ewu bá ń sún mọ́lé. Mo dà á padà sí àwòrán kan ṣoṣo tí kò já, ìṣẹ́jú àáyá 40. A tún un yà: níṣàájú, gbogbo fèrèsé tó bá kọjá ni àwòrán ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣú, àfi ìgbà tí a rí i pé téèyàn bá tẹ ojú fóònù pẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dúró sójú kan.

Nínú ìwé àlàyé tí a fi sílẹ̀, mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí Carol Clover, onímọ̀ nípa fíìmù, kọ ní 1987 nípa ọmọbìnrin tó máa ń kù gbẹ̀yìn nínú fíìmù adẹ́rùbani. Tiwa náà kù gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó rí ọ̀nà sá o.

Lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dún, ẹnì kan níwájú gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ní kí la wá fi ọmọkùnrin yẹn ṣe. A ò tíì kọ ibẹ̀.